Ilẹ̀kùn, Fèrèsé àti Àjà Ilé Àwọn Bàbá Wa: Ìtàn Iṣẹ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà àti Bí Ó Ti Yẹ Kí A Tún Un Ṣe

  

Ọdọọdún ni a máa ń ka ìtàn ọba tí ó jẹ, ogun tí a jà, àti oyè tí a dá sílẹ̀ nínú irú ìwé báyìí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n ìtàn kan ń bẹ tí a kò kọ sínú ìwé, tí ó sì ń wò wá lójú lójoojúmọ́. Ayùn, òòlù àti irin ìgbẹ́gi ni a fi kọ ọ́. Ara ilẹ̀kùn, fèrèsé, àtẹ̀gùn àti àjà ilé àwọn bàbá wa ni a kọ ọ́ sí. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín ní ọdún yìí, nítorí pé ó ti ń pa rẹ́ lójú wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí owó sì ti ọ̀nà jíjìn wọlé, àtúnṣe ilé a bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí a yọ ilẹ̀kùn àtijọ́ sọ síta. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, a ti fi í dáná. Ohun tí ó gba gbẹ́nàgbẹ́nà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ààrò a jẹ ẹ́ tán ní òwúrọ̀ kan.

BÍ ILÉ TI RÍ NÍ ÌṢÁÁJÚ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn tí ó ti òkè òkun dé ni ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ igi han Yorùbá. Agbo ilé ni ilé àwọn baba ńlá wa. Ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí a fi ẹsẹ̀ pò, tí àwọn mọlémọlé mọ ní ìpele-ìpele, tí wọ́n sì jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo òrùlé ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ewé ni a fi ń bò ó ní ilẹ̀ igbó. Fèrèsé kò pọ̀ nínú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí láti àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀kùn àti òpó ni iṣẹ́ igi tí ojú àlejò kọ́kọ́ ń bá pàdé.

Odidi pákó kan tí a gbẹ́ jáde lára igi ńlá ni ilẹ̀kùn ilé ọlọ́lá. Ilẹ̀kùn àti ìdè rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n: a gbẹ́ orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ bí ìka, ìka òkè wọ ihò inú àtẹ́rígbà, ìka ìsàlẹ̀ sì ń yí nínú ihò tí a lù sí ìloro. Kò gba ìṣó, kò gba irin. Nígbà tí ọnà rẹ̀ bá parí, ewé eépín, èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ni a fi ń họ ara igi títí yóò fi dán.

Iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ohun kékeré lójú ayé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, nínú èyí tí ó ya àwòrán ọba lórí ìtẹ́ àti òyìnbó aṣojú ìjọba tí a gbé wá kí i. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Kò padà wálé mọ́. British Museum ni ó wà títí di òní, ọba sì gba ìtẹ́ kan tí a ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Arówógun ará Òsì, tí ó kú ní 1954, jẹ́ ọ̀gá mìíràn nínú iṣẹ́ yìí. Bámidélé ọmọ rẹ̀ kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. Nínú àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, tí a bí ní 1928 tí ó sì kú ní 2009. Ẹ ṣàkíyèsí bí iṣẹ́ náà ti ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́: kò sí èyí tí ó fi ìwé nìkan kọ́ ọ.

ÀWỌN ÀGÙDÀ ÀTI ILÉ PẸ̀TẸ́Ẹ̀SÌ

Ọ̀nà kejì tí iṣẹ́ igi gbà dé ilé wa, òkun ni ó gbà wá. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ ẹrú àti òmìnira ní ìlú Salvador dìtẹ̀ sí àwọn tí ó ń jẹ gàba lé wọn lórí, Yorùbá ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. A ṣẹ́gun wọn. Ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan kúrò ní ìlú, ìnira sì mú kí àwọn mìíràn fúnra wọn wá ọkọ̀ padà sílé. Láti ìgbà náà títí di ẹ̀yìn 1888, nígbà tí a fòpin sí ẹrú ṣíṣe ní Bùràsíìlì, ni wọ́n ń dé sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Wídà ní ìgbà dé ìgbà. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà tàbí Àmárò.

Wọn kò dé lọ́wọ́ òfo. Nínú wọn ni a ti rí bíríkìlà, káfíńtà, alágbẹ̀dẹ àti aránṣọ tí ó ti fi òógùn ojú kọ́ iṣẹ́ wọn. Wọ́n tẹ̀dó sí apá kan Erékùṣù Èkó tí a mọ̀ sí Pópó Àgùdà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ fún ẹlòmíràn ní Bàhíà, ṣùgbọ́n fún ara wọn ní àkókò yìí. Lázaro Borges da Silva ọ̀gá bíríkìlà àti Francisco Nobre ọ̀gá káfíńtà ni a dárúkọ pé wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ ní Èkó. João Baptista da Costa wà nínú àwọn tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta Bey, tí a ṣí ní 1894. Ẹ kíyè sí i: irú ọwọ́ kan náà ni ó kọ́ ilé Ọlọ́run fún onígbàgbọ́ àti fún Mùsùlùmí, kò sì sí ẹni tí ó bi káfíńtà léèrè ibi tí ó ń gbàdúrà sí. Ẹni tí ó bá sì lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Porto-Novo, yóò rí mọ́ṣáláṣí ńlá kan níbẹ̀ tí iwájú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà.

Àwọn ará òkè pàápàá ní ìpín nínú ìtàn yìí. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a mú lẹ́rú ní kékeré, padà dé láti Bùràsíìlì. Ilé tí a mọ̀ mọ́ ìdílé rẹ̀ ní òpópónà Kákáwà ni àwọn ará Èkó ń pè ní Ilé Omi, nítorí kànga tí ó wà nínú rẹ̀.

Ilé Àgùdà yàtọ̀ sí agbo ilé. Ó kọjú sí ìgboro, ó ní fèrèsé púpọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ la àárín kọjá pẹ̀lú yàrá ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Àwọn tí ó ní ọwọ́ a sì gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Fèrèsé púpọ̀ túmọ̀ sí pákó púpọ̀; pẹ̀tẹ́ẹ̀sì túmọ̀ sí àtẹ̀gùn, ìdìmú àtẹ̀gùn, àti ilẹ̀ òkè tí a fi pákó tẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà ṣe di ẹni tí a kò lè kọ́lé láìsí i.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE DÉ ILẸ̀ ÒKÈ

Nígbà tí ọ̀nà ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, páànù, ìṣó, ìdè ilẹ̀kùn àti sìmẹ́ńtì rí ọ̀nà gbà dé ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn èyí ni owó kòkó dé. Àgbẹ̀ tí ó ta kòkó dáadáa kò fẹ́ orùlé koríko tí iná lè jó mọ́. Páànù ni ó ń fẹ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni àmì pé ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ́nu. Àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá Èkó, àti ọmọ iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, tẹ̀ lé owó náà wọ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Wọ́n gba ọmọ ilẹ̀ sí ẹnu iṣẹ́. Láàárín ìran kan, ọnà tí a fi ń ṣe ilé ní Pópó Àgùdà ti di ti àwọn ìlú tí kò gbọ́ èdè Potogí rí.

Nínú igbó wa ni igi ti ń wá. Àwọn lagilagi a gbẹ́ kòtò, wọn a gbé ìtì igi lé e, ẹnì kan a dúró lókè, ẹnì kejì a wà nínú kòtò, wọn a sì jọ máa fa ayùn gígùn. Ìrókò ni wọ́n fẹ́ jù fún ilẹ̀kùn àti férémù, nítorí ikán kì í fẹ́ inú rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta a máa wà nínú ìrókò mìíràn tí yóò ká eyín ayùn. Wọ́n ń lo ọ̀gànwó fún ohun ọ̀ṣọ́ àti àga, ọmọ fún iṣẹ́ tí kò fẹ́ igi wúwo, òpèpè àti agbọn olódù fún igi tí yóò ru ẹrù. Igi tí a là kò gbọdọ̀ di ilẹ̀kùn ní ọ̀sẹ̀ náà. A ó tò ó sábẹ́ ìbòjì, a ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín pákó kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Òfin àwọn ọ̀gá ni pé kí pákó lo nǹkan bí ọdún kan fún ínṣì kọ̀ọ̀kan tí ó nípọn.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ILẸ̀KÙN KAN

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ kan dáadáa, kí a lè mọ ohun tí a ń sọ nù. Kì í ṣe pákó pẹlẹbẹ tí a kàn mọ́ra. Férémù ni ó wà yí i ká, pákó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sì wà ní àárín. Férémù náà kò dúró lórí ìṣó: a lu ihò sí igi kan, a gbẹ́ ahọ́n sí igi kejì, ahọ́n wọ inú ihò, a sì fi èèkàn igi gún un kí ó má lè yọ. Ní etí inú férémù ni a gbẹ́ ojú tóóró kan sí, tí pákó àárín wọ̀. Wọn kò kan pákó àárín yìí ní ìṣó, wọn kò sì fi àtè lẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú ojú tóóró náà lómìnira.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí ni pé igi tí a gé kò kú tán. Ní ìgbà òjò, ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń wú. Bí ọyẹ́ bá dé, ó ń sún kì. Ní ìbú rẹ̀ ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gígùn rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Pákó fífẹ̀ tí a kàn mọ́lẹ̀ gbọn-in ní ìgbà òjò yóò là nígbà ọyẹ́, nítorí pé kò ní ibi tí yóò sún sí. Ṣùgbọ́n pákó tí ó wà lómìnira nínú ojú tóóró lè wú kí ó sì sún, férémù kò sì ní mọ̀. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn tí a ṣe kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣí tí ó sì ń tì wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tí ilẹ̀kùn tuntun tí a fi igi tútù ṣe a máa há ní oṣù Òkúdù, tí a ó sì máa rí ìta láti inú rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí a ń pè ní ọ̀ṣọ́ lára ilé wọ̀nyí ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fá ní ìlà-ìlà yí ẹnu ọ̀nà ká ń bo àlàfo tí ó wà láàárín férémù àti ògiri amọ̀, nítorí pé igi àti amọ̀ kì í sún lọ́gba. Pákó ìsàlẹ̀ ògiri ń gba ìlù ìgbálẹ̀ àti omi ìfọlé kí ògiri má bàa jẹ. Fèrèsé onípákó wẹ́wẹ́ tí a dá dọ́bálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń dá òjò padà, ẹni inú ilé sì lè rí ìta láìjẹ́ pé ẹni ìta rí i. Pákó tí a fi ayùn wẹ́wẹ́ ya ní òdòdó sí etí òrùlé ń bo orí igi àjà, omi òjò a sì kán sílẹ̀ láti ṣóńṣó rẹ̀ dípò kí ó ṣàn padà sára igi. Àjà tí a fi pákó tẹ́, tí etí ọ̀kan bọ inú etí èkejì, ń gba ooru páànù kí ó má bàa bọ́ sórí ẹni tí ó sùn. Ẹni tí ó bá yọ àwọn nǹkan wọ̀nyí nítorí pé wọ́n jẹ́ “fáàrí àtijọ́”, agboorùn àti bàtà ilé rẹ̀ ni ó bọ́ sọnù.

ÀWỌN ÀṢÌṢE TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Àwọn àgbà ní, ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni, bí àtúnṣe bá jẹ́ àtúnṣe. Ṣùgbọ́n mo ti rí àtúnṣe tí ó pa ilé ju òjò lọ, mo sì fẹ́ tọ́ka sí mẹ́rin nínú rẹ̀.

Èkínní ni kí a fi sìmẹ́ńtì líle rẹ́ ògiri amọ̀ nínú àti lóde. Ògiri amọ̀ ń mí: omi tí ó bá wọ inú rẹ̀ ń tipasẹ̀ ojú rẹ̀ gbẹ. Bí sìmẹ́ńtì bá ti dí i pa, tí ó sì sán níbì kan ṣoṣo, omi a wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, sìmẹ́ńtì dúró, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ẹ̀tẹ̀, férémù tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti rà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Èkejì ni kí a yọ odidi ilẹ̀kùn nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹrà. Ìsàlẹ̀ ni òjò ti ń ta sí i; òkè rẹ̀ sábà máa ń le bí irin. Ẹnì kan kò ní gé ẹsẹ̀ nítorí pé èékánná ń dùn ún.

Ẹ̀kẹta ni kí a fi fèrèsé onídígí tàbí ti alumíníọ̀mù rọ́pò ti onípákó láìro ooru. Dígí tí ó ń yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kì í jẹ́ kí ju ìdajì ẹnu fèrèsé ṣí. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹni inú ilé yóò mọ ìdí tí bàbá rẹ̀ fi ṣe fèrèsé onípákó wẹ́wẹ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó léwu jù, ni fífi iná tàbí sáńpépà gbígbẹ họ ọ̀dà àtijọ́. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́, àní ó wà nínú àwọn kan tí a tà kò tí ì pẹ́. Eruku rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí a fi omi rin ojú igi kí a tó họ ọ́, kí òṣìṣẹ́ bo imú, kí a kó èérún rẹ̀ jọ dànù, kí ọmọdé àti aboyún má sì ṣe sí nítòsí. Eruku ìrókò pàápàá kò dára fún ọ̀nà ọ̀fun àti awọ ara.

BÍ Ó TI YẸ KÍ A TÚN UN ṢE

Iṣẹ́ àtúnṣe ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, bí ẹ̀kọ́ kíláàsì ti ní. Ẹni tí ó kun ọ̀dà kí ó tó dí òrùlé, orí omi ni ó ń kọ̀wé sí. Òrùlé ni àkọ́kọ́: kí a wo páànù tí ó ti dípẹtà àti igi àjà tí ikán ti wọ̀. Omi ilẹ̀ ni èkejì: kí a la gọ́tà, kí omi ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ má ṣe dúró sí ẹsẹ̀ ògiri. Ògiri ni ẹ̀kẹta, amọ̀ ni kí a sì fi tún amọ̀ ṣe. Lẹ́yìn èyí ni ó tó kan férémù, ilẹ̀kùn, fèrèsé, àtẹ̀gùn àti àjà. Ọ̀dà ni ó gbẹ̀yìn gbogbo wọn.

Nígbà tí a bá dé ìdí igi, kí káfíńtà mú ọ̀bẹ tín-ín-rín kí ó máa fi gún gbogbo ara rẹ̀ wò. Ibi tí ọ̀bẹ bá wọ̀ bí inú iṣu sísè ti jẹrà. Ibi tí ó bá kọ ọ̀bẹ ṣì dára. Kí ó gé èyí tí ó jẹrà kúrò ní dídà, kì í ṣe ní òòró, kí ojú ìpàdé náà lè da sí ìta tí omi yóò fi ṣàn kúrò. Irú igi kan náà ni kí ó fi dí i, kí ìṣàn igi tuntun àti ti àtijọ́ kọjú sí ibì kan náà, kí igi tuntun náà sì ti gbẹ. Orí igi tí a gé, níbi tí òpó omi rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, ni kí ó kọ́kọ́ kun ní ọ̀dà kí ó tó fi í sí àyè rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń fa omi mu bí ẹni ń fi koríko mu ẹmu.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni a ń fi ilẹ̀kùn kọ́, kí a fi àlàfo tí ó tó ìnípọn kọbọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún wíwú ìgbà òjò. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò ni, ó lè há jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìdè ilẹ̀kùn àtijọ́ tí ó jẹ́ idẹ kò yẹ kí a jù nù. Kí a bọ́ ọ̀dà ara rẹ̀, kí a fi òróró sí i, yóò sì tún sìn wá. Kí ẹsẹ̀ òpó má ṣe kan ilẹ̀. Kí ó gun orí òkúta tàbí sìmẹ́ńtì, kí a lè máa rí ọ̀nà tí ikán bá fẹ́ gbà gòkè. Kí a sì rántí pé ara funfun tí ó wà lẹ́yìn ìrókò kò ní agbára tí inú rẹ̀ ní. Ikán ń jẹ ẹ́ bí ó ti ń jẹ igi mìíràn.

Ìdápọ̀ iṣẹ́ ni ó ń fi ọ̀gá hàn: kí ìlà pákó etí ẹnu ọ̀nà bá ara wọn pàdé ní igun láìsí àlàfo, kí orí ìṣó wọlé kí a sì dí i, kí àpẹẹrẹ òdòdó etí òrùlé bá ti àtijọ́ mu. Bí méjì bá ti jábọ́ nínú pákó olódòdó wọ̀nyí, kí a mú ọ̀kan tí ó kù gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, kí a fi í ya tuntun. Kò yẹ kí a yọ mẹ́wàá nítorí méjì.

ILÉ ẸBÍ ÀTI IṢẸ́ TÍ Ó WÀ NÍWÁJÚ ẸGBẸ́ WA

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé kì í ṣe àìmọ̀ ni ó ń wó ilé wa, bí kò ṣe àìṣọ̀kan. Òótọ́ ni ó sọ. Ilé ẹbí jẹ́ ti gbogbo ènìyàn nígbà tí ó bá kan yàrá gbígbà, kò sì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nígbà tí páànù bá ń jò. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀yìn ìlú, èyí tí ó wà ní Èkó kọ́ tirẹ̀ sí Èkó, ilé bàbá àwọn méjèèjì sì ń ṣí orí sílẹ̀ fún òjò. Nígbà tí ó bá wó tán, wọn yóò pé jọ láti pín ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ilé àwọn Fernandez ní Gbàgede Tinúbú, tí a wá mọ̀ sí Ilojo Bar, ni a kọ́ ní nǹkan bí 1855. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé Àgùdà tí ó lẹ́wà jù. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀síbẹ̀, ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ìkéde ọgọ́ta ọdún kò lè dá ọwọ́ ẹ̀rọ awólé dúró ní ọjọ́ kan. Bí ilé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba bá lè lọ báyìí, ta ni yóò gba ti ìlú wa sílẹ̀ bí kò ṣe àwa fúnra wa?

Nítorí náà mo gbé àbá mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa. Èkínní, kí a yan àwọn ọ̀dọ́ láti ya àwòrán gbogbo ilé àtijọ́ ìlú wa, ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ wọn sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Èkejì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan alábòójútó kan fún ilé bàbá wọn, kí wọ́n sì máa dá owó kékeré jọ lọ́dọọdún. Owó tí a fi ń dí ihò kan lórí páànù lónìí kéré gan-an sí èyí tí a ó fi kọ́ àjà tuntun lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, kí ẹgbẹ́ ran àwọn ọmọ díẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn arúgbó káfíńtà tí ó kù láàárín wa. Wọn kò pọ̀ mọ́, ojú wọn sì ti ń di bàìbàì. Ilẹ̀kùn tí ó jóná ṣeé tún ṣe bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bá wà. Bí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bá lọ, àní èyí tí kò jóná pàápàá ti di òkú igi.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Àwọn bàbá wa ti gbẹ́ tiwọn, wọ́n sì ti sùn. Mo ti fi ẹnu gbẹ́ ìwọ̀nba tèmi. Ó ku ọwọ́ tí yóò mú ayùn àti ọwọ́ tí yóò mú owó wá. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ilé wa tú, kí Ó sì jẹ́ kí ọmọ wa bá ilẹ̀kùn tí yóò ṣí nílé. Àṣẹ.